Ilé Ẹlẹ́sẹ̀ Róbà

Ohun àkọ́kọ́ tí mo pàdánù nígbà tí mo dé Sokodé, ní ilẹ̀ Tógò, ni ẹnu mi. Ní Ṣakí tí mo ti wá, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé mo lẹ́nu. Ìyá mi a máa ní bí wọ́n bá sin mí pàápàá, n ó ṣì máa bá àwọn ará sàréè rojọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjà Sokodé, èdè Tẹ́m ni wọ́n fi ń nájà, Faransé ni wọ́n fi ń ṣe ti ọ́fíìsì, Hausa ni àwọn oníṣòwò sì fi ń parí ìjà. Èmi gbọ́ Yorùbá, mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bi mí. Oníbàárà á na ìka sí ohun tí ó fẹ́, èmi náà á na ìka padà láti sọ iye rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ó máa naka síra wa bí ẹni ń jà.

Ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ni a ń tà: táyà, tíúbù, ṣéènì, sípóòkù, agogo. Alájì tí mo wá bá ṣiṣẹ́, ọmọ Ṣakí ni òun náà, ó sì ti pẹ́ ní Komah, àdúgbò àwọn mọ́sáláṣí àti àwọn oníṣòwò kéékèèké. Ó fún mi ní igun kan nínú ilé ìkẹ́rùsí kí n máa sùn. Àárín táyà ni mo ń sùn. Bí mo bá jẹ iyán, òórùn róbà ni. Bí mo bá mu ẹ̀kọ, òórùn róbà ni. Àwòrán Ààrẹ wà lára ògiri ìsọ̀ wa, bí ó ti wà lára ògiri ìsọ̀ gbogbo ènìyàn nígbà náà, ní ọdún yẹn sì rèé, òun nìkan ni mo rí tí ó ń wò mí lójú láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bá ilé sọ̀rọ̀, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni yóò lọ, yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí wọn yóò fi rí ìlà mú. Mo rán awakọ̀ kan sí ìyá mi pé kí ó wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Ṣakí ní ọjọ́ Alámìísì, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n so wá pọ̀ tán, tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo fẹ́ sọ gbogbo ohun tí ó wà nínú mi. Ìyá mi kò gbà fún mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi.

"Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Alájì ńkọ́? Ìyàwó Alájì ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Oòrùn ibẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyá mi, àsìkò ń lọ o."

"Kí ó máa lọ. Bí n kò bá kí ọ, ta ni n ó kí? Ṣé wọ́n ń bá ọ wí níbẹ̀?"

"Ẹ ní kín ni?"

"Mo ní ṣé o rí ẹni tí ó ń bá ọ wí? Ọmọ tí kò bá rí ẹni bá a wí lójú àjò..."

Ibẹ̀ ni ìlà já. Mo jáde, mo dúró lábẹ́ igi máńgòrò tí ó wà níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, mo sunkún bí ọmọdé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé kò sí ẹni tí ó ń bá mi wí. Alájì kò ráyè. Ọjà ni àárín wa. Bí mo bá ṣe dáadáa, yóò mi orí. Bí n kò bá ṣe dáadáa, yóò mi orí náà.

Kambolé ni mo ti tún rí ẹnu mi. Alájì ní kí n di ẹrù sórí kẹ̀kẹ́, kí n tà á dé agbègbè Tchamba. Mo dé Kambolé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ibà ti mú mi lójú ọ̀nà, ojú mi ti pọ́n. Mo ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlá kan, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń bú ewúrẹ́. "Ọlọ́run á mú ọ! Àgbàdo tí mo sá, ìwọ ni mo sá a fún?" Yorùbá ni! Yorùbá ni ó fi ń bú ewúrẹ́! Mo ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, mo jókòó sórí ilẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà wò mí, ó wo ewúrẹ́, ó ké pe ọkọ rẹ̀ pé wèrè kan ti dé.

Bí mo ṣe di ọmọ ilé Bàbá Àlímì nìyẹn. Àgbẹ̀ oníṣu ni Bàbá, ó ga, ó gbẹ, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ìyá Rámátù, obìnrin tí ó ń bú ewúrẹ́, ni ìyàwó rẹ̀. (Mo mọ̀ pé "wọ́n" ni ó yẹ kí n máa pe àwọn méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n fi "ó" sọ ìtàn náà, kí ẹ má baà rò pé Bàbá pọ̀ níye.) Ìyá fọwọ́ kan iwájú orí mi, ó ní, "Yé! Ara rẹ̀ ń jó." Bàbá ní, "Ta ní ní kí o gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ibà? Ṣé o kò ní làákàyè ni? Gbé ẹsẹ̀ rẹ wọlé!" Wọ́n lé àwọn ọmọ kúrò nínú yàrá kan, wọ́n tẹ́ ẹní fún mi, wọ́n fún mi ní àgbo tí ó korò débi pé mo gbàgbé ibà. Bàbá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń bá mi wí títí oorun fi gbé mi lọ. Ó pẹ́ tí mo ti sùn bẹ́ẹ̀.

Yorùbá wọn kì í ṣe tiwa gan-an. Wọn a sọ gbólóhùn kan, n ó gbọ́ ìdajì. Ìdajì kejì a máa dún bí ọ̀rọ̀ tí ìyá mi àgbà ń sọ kí ó tó kú, tí a kò bi í léèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Tiwa náà ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbáwí wọn yé mi yékéyéké. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ní ìdí kankan láti lọ sí ìhà Tchamba, ilé Bàbá Àlímì ni mo ń wọ̀ sí. Yàrá yẹn di yàrá mi. "Ìwọ, lọ pọn omi." "Ìwọ, wá di iṣu yìí." "Ìwọ, o ti pẹ́ jù ní ọjà." Nínú ilé náà, "ìwọ" ni ọmọ ilé. "Ẹ" wà fún ìmáàmù, olùkọ́ ilé ìwé àti jandáàmù, àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀.

Nígbà tí ó ṣe, mo kúrò lábẹ́ Alájì, mo dá dúró. Ọjà ń yí, èmi náà ń yí tẹ̀lé e: òní Tchamba, ọ̀la Goubi, ọ̀tunla ibòmíràn. Mo ń sùn sórí tábìlì ní gáréèjì, mo ń sùn lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ̀fọn mọ̀ mí ju àwọn oníbàárà mi lọ. Wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Èmi tí ojú ọ̀nà jẹ́ oko mi, mo rò ó pé n kò bá kúkú gbé ilé náà sí ojú ọ̀nà. Nígbà tí òyìnbó kan tí ó ń gbẹ́ kànga ní agbègbè Goubi fẹ́ padà sílẹ̀ rẹ̀, ó ta bọ́ọ̀sì kékeré rẹ̀ fún mi. Ọkọ̀ náà ti dàgbà, ó ń húkọ́ bí arúgbó, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ le.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Isífù, káfíńtà kan ní Komah. Ọmọ Tẹ́m ni, Hausa ọjà ni àwa méjèèjì fi ń gbọ́ ara wa yé.

"Ibùsùn ni mo fẹ́," mo wí fún un, "kí ẹrù wà lábẹ́ rẹ̀."

Isífù fi apá wọn inú ọkọ̀. "Ìyàwó rẹ ńkọ́? Níbo ni òun máa sùn?"

"N kò tíì ní ìyàwó."

"Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyẹn. Bí obìnrin kan bá yọjú wo ibí yìí, tí ó rí ibùsùn ẹnìkan ṣoṣo, ilé bàbá rẹ̀ ni yóò gbà lọ." Ó sì fẹ ibùsùn náà sí i láìgba àṣẹ mi.

Ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ náà ni ohun tí mo kọ́kọ́ ní láyé tí ó jẹ́ tèmi nìkan. Isífù gé fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó, ó fi ìlẹ̀kùn pákó kékeré sí i nítorí òjò. Ibùsùn náà ní ìṣẹ́po. Bí ilẹ̀ bá mọ́, n ó ká a mọ́ ara ògiri, n ó rí ibi dúró. Oòrùn ọjọ́ àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ sè mí nínú rẹ̀, a sì fi ẹní ṣẹ́po méjì sábẹ́ òrùlé, a fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dè é, a kun òrùlé ní funfun lókè. Mo gbé bídọ̀n, kẹ́ẹ̀gì omi tí ó ní ẹ̀rọ, sí ẹ̀yìn, mo lè ṣe àlùwàlá láìsọ̀kalẹ̀. Sítóòfù mi jókòó nínú agolo ńlá tí mo da yanrìn sí, kí ó má baà ṣubú. Ìṣòro tí ó kù ni pé ọ̀nà wa kò dára. Bí mo bá ti kúrò lórí títì ọlọ́dà, ife, àwo àti ìkòkò á máa lu ara wọn títí etí mi yóò fi di. Èmi fúnra mi ni mo wá ojútùú ìyẹn. Mo gé tíúbù kẹ̀kẹ́ tí ó ti bàjẹ́ sí ọ̀já, mo fi de gbogbo nǹkan mọ́ ara ògiri. Róbà tí ó ń rùn sí mi nímú ní Komah wá di ohun tí ń bá mi di ilé mú.

Ibi tí mo lè kírun kò ju fífẹ̀ ẹní kan lọ, ó sì nà tọ imú ọkọ̀. Nítorí náà, ibikíbi tí mo bá dúró sí, imú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ìlà oòrùn. Ní ọjà Goubi, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú ọkọ̀ mi mọ ibi tí wọn yóò kọjú sí. Lọ́jọ́ kan tí mo kàn dúró ra epo, tí mo fi ìdí ọkọ̀ sí ìlà oòrùn, mo rí àwọn bàbá kan tí wọ́n ti tẹ́ ẹní, tí wọ́n ń dojú kọ ibi tí kò yẹ. Mo ní láti sáré lọ tọrọ àforíjì.

Ní bàríẹ̀ Tchamba, níbi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró yẹ̀ wò, jandáàmù kan ní kí n sọ̀kalẹ̀. Ó béèrè ní Faransé pé níbo ni mo ń gbé. Faransé mi ti tó ìyẹn nígbà náà. Mo na ọwọ́ sí ọkọ̀, mo ní, "Òun nìyí, ṣẹ́ẹ̀fù," bí a ti ń pe ọ̀gá níbẹ̀. Ó rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yọjú wo inú, ó fọwọ́ tẹ ibùsùn, ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó tì í. Lẹ́yìn náà ó pe àwọn yòókù wá wò ó, wọ́n sì jẹ́ kí n kọjá láìbéèrè nǹkan kan. Ẹni tí ó bá mọ bàríẹ̀ ìgbà yẹn yóò mọ̀ pé ìṣẹ́gun ni. Àwọn ọmọ tí ń ti ilé ìwé bọ̀, tí wọ́n ti ń kọ orin ìyìn Ààrẹ láti àárọ̀, pa orin dà, wọ́n ń sáré tẹ̀lé mi: "Ilé ẹlẹ́sẹ̀ róbà! Ilé ń lọ o!"

Bí mo ṣe wọ Kambolé nìyẹn, orí mi ti wú. Bàbá Àlímì yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Mọ́tò yìí dára." A jẹun, a sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo rí i tí Ìyá dìde láti lọ lé àwọn ọmọ kúrò nínú yàrá, mo yára sọ̀rọ̀.

"Ìyá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Mo gbé ibùsùn mi wá."

Ìyá dúró, ó wo Bàbá.

"Àwọn ọmọ ti dàgbà," mo ní. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sùn síbẹ̀. Èmi ti ní ibi tèmi."

Bàbá ní, "Bọ̀n," bí àwọn Faransé ti ń ní "ó dára". Ó sì wọlé.

Ní òwúrọ̀, mo jí, ara mi yá, mo sì ní kí n lọ kí i. Kí n tó dọ̀bálẹ̀ tán, ó dáhùn: "Ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá ìmáàmù ni ó wọlé. Kò sí ẹnìkan. Èmi ni Bàbá Àlímì ń pè ní "ẹ".

Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Mo tún padà wá ní ọjà kejì, "ẹ" ni. Ọjà kẹta, "ẹ" ni. Kò bínú sí mi, kò lé mi. Wọ́n ń fún mi ní oúnjẹ tí ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rán mi níṣẹ́ mọ́, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún mi pé mo ti pẹ́ jù ní ọjà. Nígbà tí Rámátù bímọ, tí wọ́n fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ, mo dé ní kùtùkùtù pé kí n wá la igi. Wọ́n gbé àga fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìmáàmù àti olùkọ́ ilé ìwé, wọ́n fi ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò lé mi lọ́wọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń bó àgbò, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń bú ara wọn. Mo dìde pé kí n lọ bá wọn.

"Ẹ jókòó, ẹ jókòó," Bàbá ní. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu."

Mo jókòó, ìgò náà tutù lọ́wọ́ mi, ọkàn mi bàjẹ́. Mo ti gbé láàárín àwọn Tẹ́m fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń pè mí ní ará Nàìjíríà, kò dùn mí, nítorí pé òótọ́ ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo mọ ara mi ní àjèjì ní Tógò ni ọjọ́ yẹn, lórí àga tí ó dára jù nínú ilé.

Mo lọ bá Ìyá ní ìdí iná. "Ìyá, kí ni mo ṣe?"

Ó ń ro ọbẹ̀, kò wo ojú mi. "Kò sí ohun tí ẹ ṣe."

"Ẹ̀yin náà, Ìyá?"

Ìgbà náà ni ó gbé ojú sókè. "O gbé ilé wá sí ẹnu ọ̀nà wa. Ẹni tí ó ní ilé tirẹ̀, onílé ni. Onílé bá onílé pàdé, 'ẹ' ni wọ́n ń kí ara wọn. Bàbá rẹ ní bóyá ẹní wa ti ní ìdun."

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mo rò pé mo ń dín wàhálà wọn kù. Wàhálà yẹn gan-an ni okùn tí ó so mí mọ́ wọn, èmi sì ti fi ọwọ́ ara mi tú u. Ní oṣù yẹn, ìyá mi tún bá mi sọ̀rọ̀ láti Ṣakí. Ó kí mi títí, ó wá bi mí: "Ṣé wọ́n ṣì ń bá ọ wí ní ilé bàbá àgbẹ̀ yẹn?" Mo ní ìlà kò dára, n kò gbọ́. Ìlà náà mọ́ bí omi kànga.

Mo gbìyànjú láti tún un ṣe. Mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní Tchamba, mo gun alùpùpù lọ sí Kambolé, mo gbé ọṣẹ àti ṣúgà lọ́wọ́, mo ní mo fẹ́ sùn nínú yàrá mi. Bàbá ní, "Mọ́tò yín ńkọ́? Ṣé kò bàjẹ́?" Yàrá náà sì ti kún fún àgbàdo dé òrùlé. Ìyá ṣí ìlẹ̀kùn hàn mí kí n má baà rò pé irọ́ ni. Mo padà sí Tchamba ní ọjọ́ náà, mo sùn sórí ibùsùn fífẹ̀ mi, kò sí ẹ̀fọn kan, kò sí ooru. N kò gbádùn rẹ̀ rárá.

Òjò ni ó gbà mí. Mo ń ti Goubi bọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà òjò, mo fẹ́ kọjá odò kékeré kan tí kò jìnnà sí oko Bàbá. Táyà ẹ̀yìn rì. Mo tẹ̀ ẹ́, ó tún rì sí i. Ẹni tí ó kọjá lórí kẹ̀kẹ́ ló lọ kéde mi ní oko, kò sì pẹ́ tí Bàbá Àlímì fi dé pẹ̀lú ọkọ́ àti àwọn ọkùnrin mélòó kan.

"Ẹ kú ewu o," Bàbá ní. "Ẹ má mikàn. Ẹ jókòó sí ìdí stíà yín, a ó máa tì í. Bí mo bá ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n gbẹ́ ẹrẹ̀, wọ́n ki ẹ̀ka igi sábẹ́ táyà. Bàbá fúnra rẹ̀ fi èjìká ti ìdí ọkọ̀. Ojora mú mi, mo fẹ́ kí ó tètè parí kí arúgbó náà má baà fara pa. Kí ó tó sọ̀rọ̀, mo ti tẹ iná mọ́ ọn. Táyà yí gbirigbiri. Ẹrẹ̀ fò sókè, ó sì bo Bàbá Àlímì láti fìlà dé ẹsẹ̀.

Àwọn ọkùnrin náà sún sẹ́yìn. Òjò ń rọ̀ lé wọn lórí.

"Ìwọ òpònú yìí!" Ohùn Bàbá la igbó já. "Ta ní ní kí o tẹ̀ ẹ́? Ṣé mo ti sọ̀rọ̀? Etí rẹ dà? Ìwọ tí o ń ru ilé kiri bí ìgbín, o kò lè dúró kí àgbà sọ̀rọ̀ tán!"

Mo gbé orí lé stíà, mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú mi. Ó rí mi pé mò ń rẹ́rìn-ín, ó tún bú mi dé ìdílé. Mo gbọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kà á bí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà. Kò sí "ẹ" kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ jáde, òtútù ti mú Bàbá. Mo ṣí ẹ̀yìn, mo ní kí ó wọlé. Ó ṣiyèméjì, ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀ sára koríko, ó wọlé. Láti ọjọ́ tí mo ti ra ọkọ̀ náà, kò fi ẹsẹ̀ kan inú rẹ̀ rí. Ó fi omi bídọ̀n wẹ ojú àti ọwọ́, mo fún un ní jàlàbíà mi tí ó mọ́, mo tan sítóòfù, mo po tíì. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó ń wo òkè, ó ń wo ẹ̀gbẹ́.

"Ẹní ni o fi sábẹ́ páànù yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Nítorí ooru."

"Hẹn. Èyí náà ńkọ́? Tíúbù kẹ̀kẹ́?" Ó fa ọ̀já tí ó di ife mú, ó jẹ́ kí ó padà, ó dún. Ó tún fà á. "Nítorí èyí ni o ṣe kọ yàrá mi sílẹ̀?"

"Mo rò pé mò ń dín wàhálà yín kù ni, Bàbá."

"Ta ní sọ fún ọ pé ó pọ̀ jù? Wàhálà rẹ ni mo fi mọ̀ pé ọmọ mi ni ọ́."

  Mo bọ́ síwájú, mo wa ọkọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí a tó dé Kambolé, mo ti ń gbọ́ tí ó ń hanrun lẹ́yìn.

Ìyá jáde sí wa pẹ̀lú agbòòrùn lọ́wọ́. Ó ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó rí ọkọ rẹ̀ tí ó na gbọọrọ lórí ibùsùn nínú jàlàbíà ẹlòmíràn. "Bàbá Rámátù, a ti délé. Ẹ sọ̀kalẹ̀."

"N kò ní sọ̀kalẹ̀," Bàbá ní. Kò la ojú. "Kò sí ẹ̀fọn níbí." Ó wá yí ọ̀rọ̀ sí mi: "Ìwọ, lọ sùn nínú yàrá mi. Kí o sì tún àga ẹnu ọ̀nà yẹn ṣe ní òwúrọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀."

Láti ìgbà náà, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí mo bá ti dé, Bàbá á gbé búútà àlùwàlá rẹ̀, á wọ inú ọkọ̀. Èmi á wọ inú yàrá rẹ̀, òun á sì bá mi wí láti ojú fèrèsé ọkọ̀ pé n kò pa àtùpà. Ìyá a máa sọ fún àwọn aládùúgbò pé ọkọ òun ti ní ilé kejì, òun sì dúpẹ́ pé kò sí obìnrin níbẹ̀. Nígbà tí mo tún bá ìyá mi sọ̀rọ̀, n kò jẹ́ kí ó kí mi tán. Mo ní, "Ìyá mi, wọ́n pè mí ní òpònú níwájú gbogbo ènìyàn."

Ó bi mí: "Tọkàntọkàn ni?"

"Tọkàntọkàn, Ìyá mi."

"Alihamudulilahi," ìyá mi wí.

Gbogbo ìyẹn ti pẹ́. Ìyá mi ti kú. Alájì ti kú. Bàbá Àlímì kú ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ kan, ní ọdún tí ìlú dàrú tí gbogbo ìsọ̀ tì, mo sì wà lára àwọn tí ó gbé e. Mo ta ẹ́ńjìnì ọkọ̀ náà, mo fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Rámátù ní Kambolé. Adìẹ ni ó ń sùn nínú rẹ̀ báyìí, wọ́n ní ẹyin kì í bàjẹ́ níbẹ̀ nítorí ẹní abẹ́ òrùlé. Mo ti padà sí Ṣakí. Mo kọ́lé, ó ní yàrá púpọ̀, mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ, mo ní ọmọ-ọmọ.

Ní Ṣakí, "ẹ" ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. Ẹ káàárọ̀, Alájì Tógò. Ẹ rọra, Alájì. Ẹ jókòó, Alájì, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ọ̀wọ̀ ni, mo mọ̀, mo sì ń dáhùn. Àwọn tí ó lè pè mí ní "ìwọ" ti lọ tán, ó ku ẹnìkan. Ìyá Rámátù ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní fóònù alágbèéká, ó sì ń bá a tẹ nọ́ńbà mi nígbàkígbà tí ó bá wù ú. Bí mo bá ti rí i pé òun ni, mo máa ń dìde kúrò láàárín àwọn ará ilé, mo máa ń lọ dúró sí ẹ̀yìnkùlé, nítorí pé n kò fẹ́ kí wọ́n rí ojú mi.

"Ìwọ," á ní, "o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Ìyá."

"Irọ́ ni o ń pa. Ohùn rẹ kò jọ ti ẹni tí ó jẹun. Lọ jẹun, ọmọ aláìgbọràn."

Mo máa ń wọlé, mo máa ń ní kí wọ́n gbé oúnjẹ mìíràn wá. Ìyàwó mi á ní, "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, Alájì." Mo máa ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó fún obìnrin yẹn ní ẹ̀mí gígùn, nítorí pé lọ́jọ́ tí ó bá lọ, mo di "ẹ" títí ayé nìyẹn.